Ọjọ́ Kẹsàn-án Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tó ní àrùn jẹjẹrẹ ni mo ti lo 16 tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ ju ẹjọ́ ilé ìwòsàn kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó bá ti gbé abọ́ oúnjẹ lọ bá aláìsàn rí ní ọsibítù ìjọba tó tóbi nílẹ̀ Yorùbá yóò mọ ibi tí mò ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀.

Ẹ gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù wa kọjá ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ óò bá àwọn ìyá níbẹ̀. Ẹnì kan tẹ́ ẹní sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹlòmíràn ká jọ sórí bẹ́ńṣì tí àwọn aláìsàn fi ń dúró de dókítà lójú ọ̀sán. Báàgì Ghana-must-go ni ìrọ̀rí wọn. Wọ́n á so etí báàgì náà mọ́ ọrùn ọwọ́ nítorí olè. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ti ń tan tọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n á ká ẹní, wọ́n á lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò títí yóò fi kọjá, wọ́n á tún padà wá tẹ́ ẹ. Owó ni wọ́n fi ń wẹ̀, owó náà ni wọ́n fi ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo mọ ìyá kan tí kì í fi omi kan ẹnu láti ìrọ̀lẹ́, kó má baà di pé yóò sanwó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Ọmọ rẹ̀ sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì níwájú wa, tí a ń bẹ̀ pé kó mu omi dáadáa, kí oògùn tí a fà sí i lára má baà bó àpò ìtọ̀ rẹ̀.

Àga oníke kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ọmọ wọn le jù nìkan la sì ń jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí rẹ̀ mọ́jú. Ìyẹn ló lé àwọn yòókù síta. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn yẹn tí ọmọ wọn gan-an wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí pé a ti dá ọmọ náà sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, a ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n padà wá fún abẹ́rẹ́ mìíràn. Ilé wọn wà ní Kíṣí. Ilé wọn wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣakí. Nítorí àwọn yẹn ni mo ṣe mú bírò lónìí.

Ọmọkùnrin kan wá bá wa láti apá Òkè-Ògùn. Ọmọ ọdún méje ni. Eyín rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mì. Ìyá rẹ̀ rò pé ó fẹ́ pààrọ̀ eyín ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i, bàbá rẹ̀ ta ọ̀kadà tó fi ń jẹun, wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí wíwú náà ti ń ti ẹyinjú òsì rẹ̀ síta.

Àwa tí a wà ní wọ́ọ̀dù yẹn mọ irú jẹjẹrẹ yìí bí ẹní mowó. Burkitt ni wọ́n ń pè é, nítorí Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Ibi tí ibà ẹ̀fọn bá ti gbilẹ̀ ló ti ń wọ́pọ̀. Kò sí jẹjẹrẹ mìíràn lára èèyàn tó ń yára dàgbà tó o. Ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Eré tó ń sá yẹn náà ló sì ń kó bá a, torí oògùn tètè ń rí i mú. Mo ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ dàrú débi pé àbúrò rẹ̀ kò dá a mọ̀, tí ó sì padà sí bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Nọ́ọ̀sì tó bá rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọmọ yìí. Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó béèrè àkàrà. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó ń sunkún, ó ń kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ọmọ mìíràn ti wà nínú ọkọ̀ níta tó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n fi lọ. Mo ní kó mú ọmọ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní bí ara ọmọ bá gbóná pẹ́nrẹ́n, kó máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé mà, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín.” Mo lọ gba ọmọ tó wà níta wọlé. Mi ò bi ìyá yìí pé níbo ló máa gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa ò wo ilé ká tó ní kí ọmọ máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òbí, àní ọ̀pọ̀ olóṣèlú tó ń wá ya fọ́tò ní wọ́ọ̀dù wa nínú oṣù kẹsàn-án, oṣù ìpolongo jẹjẹrẹ ọmọdé, ni kò mọ̀ ọ́n. Oògùn jẹjẹrẹ kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Ohunkóhun tó bá ń yára pọ̀ nínú ara ló ń kọlù: jẹjẹrẹ náà, irun orí, awọ inú ẹnu, àti sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ogun ara. Àwọn ọmọ ogun yìí kì í tán lọ́jọ́ tí a fún ọmọ lábẹ́rẹ́. Láti bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá ni wọ́n ń kéré jù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ojú ọmọ ti fúyẹ́, tó ti ń jẹun, tí gbogbo ènìyàn rò pé ewu ti fò ó. Kòkòrò tó ti ń gbé inú ìfun rẹ̀ láti kékeré láìṣe é ní nǹkan kan lè pa á lásìkò náà. Kò ní wú, kò ní ṣe egbò, kò ní ṣọyún; ìgbóná ara lásán ni àmì tí a máa rí. Tí tẹmọ́mítà bá ti kà 38, a ti ń sáré nìyẹn. Oògùn tó ń pa kòkòrò gbọ́dọ̀ ti wà nínú iṣan ọmọ náà kí wákàtí kan tó pé.

Wákàtí kan. Láti Òkè-Ògùn.

Ìyá náà ti gbé e lọ sílé, torí kò lè mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn padà sábẹ́ àtẹ̀gùn, àwọn àbúrò rẹ̀ méjì sì ti wà lọ́dọ̀ aládùúgbò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lóru ọjọ́ kẹsàn-án, ara ọmọ gbóná. Ó fi omi nù ún, ó dúró kí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n ta oògùn ibà fún un. Lọ́jọ́ kejì ó ń wá owó ọkọ̀ kiri. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n wọ ọkọ̀. Wọn ò tíì dé Ìsẹ́yìn tí ọmọ fi kú. Fóònù awakọ̀ ló fi pè mí. Ó ní, “Métíròn, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún dókítà pé a ò ní lè wá mọ́ o.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà.

Ohun tí a kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọ́ọ̀dù ni pé kò padà wá fún ìtọ́jú. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ìwé náà. Mo ti jókòó ní ìpàdé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ pé àìmọ̀kan àwọn òbí ló ń fà á, pé wọ́n á gbé ọmọ sá lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí wòlíì nígbà tí wọ́n bá ti rí i pé ojú ti fà. Àwọn bẹ́ẹ̀ wà, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gba fóònù yẹn kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan kí n sì dákẹ́.

Ní ọdún kan náà yẹn, ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún márùn-ún, Burkitt náà ni, ikùn ni tirẹ̀ wà. Àgbẹ̀ tó ń ṣe gàrí ni ìyá rẹ̀, láti oko kan lẹ́yìn Ìgbòho. Obìnrin kan wà nígbà náà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, opó ni, ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì géètì ẹ̀yìn ọsibítù. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ ló máa ń bá wá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á pín bísíkíìtì, wọ́n á gbàdúrà. Lọ́jọ́ kan ó rí ìyá onígàrí àti ọmọ rẹ̀ lórí ẹní. Kò gbàdúrà lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ìyá, ẹ di ẹrù yín, ẹ jẹ́ ká lọ.” Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì méjì sí i, ó ra sítóófù, ó wá bá mi pé kí ni kó tún rà. Mo ní tẹmọ́mítà.

Ní aago méjì òru ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tẹmọ́mítà kà 38.6. Màmá Tíṣà fi ìró gba ọmọ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, òun sì gbé tọ́ọ̀ṣì ṣáájú, wọ́n gba géètì ẹ̀yìn wọlé. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mo kọ sórí ìwé pé oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Oògùn tí a fún ọmọkùnrin yẹn náà la fún ọmọbìnrin yìí, dókítà kan náà ló wò wọ́n. Ọmọbìnrin náà ti wà ní SS2 báyìí. Ó ga jù mí lọ.

Mi ò nílò ìwádìí kankan lẹ́yìn èyí, ṣùgbọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú ìwé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn ilẹ̀ tó lówó, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń yè é. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bíi tiwa, wọn ò tó 30. Ní 2018, àjọ náà fi àfojúsùn lélẹ̀ pé kí ó kéré tán 60 nínú 100 máa yè é títí di 2030. Nígbà tí wọ́n ń to ohun tó ń pa àwọn ọmọ wa, wọ́n dárúkọ pípẹ́ kí a tó mọ àrùn náà, wọ́n dárúkọ ìtọ́jú tí a pa tì láàárín ọ̀nà, wọ́n sì dárúkọ ìpalára tí oògùn fúnra rẹ̀ ń ṣe. Méjì tó kẹ́yìn yìí, ilé tó wà nítòsí lè dín wọn kù láì dúró de ẹ̀rọ kankan láti òkè òkun.

Àwọn tí ẹ̀rọ kún ọwọ́ wọn pàápàá rí i bẹ́ẹ̀. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, dókítà obìnrin kan wà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé, Audrey Evans ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó rí àwọn òbí tó ń sùn lórí àga nínú ọsibítù, ó sì ní ilé ni òun ń wá fún wọn, ilé gidi tó ní yàrá àti ibi ìdáná. Ọdún 1974 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Eagles ti ìlú náà, tí ọmọ ọ̀kan nínú wọn ti ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àti owó láti ọwọ́ àwọn tó ní ilé oúnjẹ McDonald's. Ohun tí a ń pè ní Ronald McDonald House káàkiri ayé lónìí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní South Africa, àwọn òbí fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ CHOC sílẹ̀ ní 1979, ẹgbẹ́ yẹn sì ní ilé nítòsí àwọn ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ náà. Òbí ni wọ́n, wọn ò dúró de ìjọba.

Nígbà tí mo bá sọ báyìí, ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé, ṣé oògùn tó tán ni, tí a fi ń sọ̀rọ̀ ilé? Ẹ kọ́kọ́ fún wa ní oògùn ná. Mo gbọ́. Mo ti dúró níwájú ìyá tí mo ń sọ fún pé vincristine, oògùn jẹjẹrẹ, kò sí ní ilé oògùn wa, kó lọ wá a ní ìgboro, mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oògùn tí ọmọ gbà ní ẹ̀ẹ̀kan tí kò padà wá gba ìkejì, owó tí a dà sómi ni. Jẹjẹrẹ tó bá sì tún hù padà lẹ́yìn tí oògùn ti fọwọ́ kan án, agídí rẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́ mọ́.

Àwọn mìíràn ní kí a kúkú kọ́ wọ́ọ̀dù sí i. Wọ́ọ̀dù dára, kí wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ kò yẹ kó máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń wúkọ́. Yàrá tó mọ́, tí òun àti ìyá rẹ̀ nìkan wà, sàn fún un ju bẹ́ẹ̀dì wa lọ, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé ó lè dé ọ̀dọ̀ wa kí omi tó hó lórí iná.

Irú ilé tí mò ń wí kò ṣòro. Mo ti fọkàn kọ́ ọ tán lórí ìjókòó wọ́ọ̀dù lóru. Yàrá mẹ́wàá tó, kò gbọdọ̀ ju ìrìn ẹsẹ̀ sí ọsibítù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ́ ọ sí ẹ̀yìn ìlú nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò wọ́n. Ilé tó jìn kò yàtọ̀ sí Kíṣí. Kó ní kànga ẹ̀rọ, kó ní ibi ìdáná tí àwọn ìyá á ti máa se oúnjẹ tí ọmọ wọn mọ̀, torí ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bó kò lè jẹ ìrẹsì tútù tí a rà lójú títì. Ẹ̀kọ mímu ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sè rọ̀ ni, ọbẹ̀ tí kò ta. Kí wọ́n gbé tẹmọ́mítà sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so ìwé mọ́ ara ògiri tí ìyá á ti máa kọ ohun tó kà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá tí kò mọ̀wé kọ lè fa ìlà. Kí kèké kan máa sun ẹnu géètì. Kí wọ́n má gba ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní èéyi wọlé láé, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó, torí kíá ni èéyi á gba inú ilé bẹ́ẹ̀ já. Kí olùkọ́ kan máa wá lọ́sàn-án, torí ọmọ tó fi oṣù mẹ́fà sílẹ̀ ní ilé ìwé máa ń rò pé àwọn àgbà ti gbà pé òun máa kú. Kí ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ ò mọ bí ọwọ́ ìyá ṣe ń wá iṣẹ́ ṣe lásìkò náà.

Ta ló máa sanwó rẹ̀? Èmi sọ pé kí adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ máa san owó ibùsùn ọmọ náà bó ṣe yẹ kó máa san owó oògùn rẹ̀, alẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi parí ìtọ́jú. Oògùn ni. Ó sì yẹ kí wọ́n san owó ọkọ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo mọ ìdílé tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ju owó abẹ́rẹ́ kan lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú tó ń kọ́ gbọ̀ngàn sílé, ẹ wo iye ìgbà tí a ń lò ó lọ́dún, kí ẹ sì gba fúláàtì kan sí itòsí ọsibítù tí àwọn ọmọ ìlú yín ń lọ. Ní ti àwọn ìjọ wa, àwọn ilé àlejò tó wà ní ibùdó wọn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lẹ́wà, àpéjọpọ̀ nìkan ló sì ń kún wọn. Wọn ò wúlò fún mi, wọ́n jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ogún irú rẹ̀ sínú igbó lè kọ́ ọ̀kan sí ẹ̀bá géètì ẹ̀yìn.

Màmá Tíṣà ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n fẹ́ fi ilé náà háyà, ṣùgbọ́n wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn lé mi lọ́wọ́. Mo kun ún ní oṣù tó kọjá. Bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, mo pààrọ̀ fóòmù wọn, mo ra tẹmọ́mítà tuntun, mo so ìwé mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì tó gba ipò mi pè mí láti wọ́ọ̀dù. Ó ní ìyá mẹ́ta ni wọ́n ń dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan láti Kíṣí, ọ̀kan láti ìletò kan lẹ́bàá Ṣakí, ọ̀kan láti Bàrúbà, ṣé gbogbo wọn lè máa bọ̀? Mo ní yàrá kan ni mo ní. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó ní, “Ẹ bá mi yan ọ̀kan, mà.”